Ohun Tí Ó Kù Lẹ́yìn Àwọn Ọba Íńdíà Àtijọ́

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo ìtàn àwọn ọba Íńdíà àtijọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 321 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, Chandragupta gba ìjọba lọ́wọ́ ìdílé Nanda, ó sì dá ìdílé ọba Maurya sílẹ̀. Pataliputra, tí a ń pè ní Patna lónìí, ni olú ìlú rẹ̀. Nígbà tí Seleucus, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Alexander, gbógun wá, àdéhùn ni ọ̀rọ̀ wọn já sí: Seleucus fi ilẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì gba erin 500.

Ashoka, ọmọ ọmọ Chandragupta, gorí ìtẹ́ ní nǹkan bí ọdún 268. Ní ọdún kẹjọ ìjọba rẹ̀, ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Kalinga. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára àpáta pé 100,000 ènìyàn kú, pé a kó 150,000 kúrò nílé wọn, àti pé ọkàn òun bàjẹ́. Láti ìgbà náà, ó di ẹ̀kọ́ Búdà mú, ó gbẹ́ kànga, ó gbin igi sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì pèsè oògùn fún ènìyàn àti ẹranko. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i: kò dá Kalinga padà, kò sì gbẹ́ ọ̀rọ̀ àbámọ̀ yẹn sára àpáta tí ó wà ní Kalinga gan-an.

Ashoka kú ní nǹkan bí ọdún 232. Ilẹ̀ náà fẹ̀, ọwọ́ àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ká a mọ́. Kò pé 50 ọdún tí ọ̀gágun Pushyamitra fi pa ọba Brihadratha níbi tí ọba ti ń wo ìtò àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Bí ìdílé Maurya ṣe parí nìyẹn.

Ní nǹkan bí ọdún 320 lẹ́yìn ìbí Ànábì Ísà, ìdílé Gupta dìde ní agbègbè kan náà. Wọ́n lówó, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ogun àwọn Huna gbọ́n àpò wọn gbẹ, títí wúrà inú owó wọn fi dín kù. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 550, wọ́n ti tú ká.

Kí ni ó wá kù? Ní ọdún 499, Aryabhata, ọmọ ọdún 23, kọ ìwé lórí ìṣirò àti ìràwọ̀. Ní ọdún 628, Brahmagupta ṣàlàyé bí a ṣe ń fi òdo ṣe ìṣirò. Ìmọ̀ yìí dé Baghdad, níbi tí al-Khwarizmi ti kọ ìwé lórí onka àwọn ará Íńdíà. Láti ọwọ́ àwọn Lárúbáwá ni ó ti dé Yúróòpù. Ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní onka Lárúbáwá, tí àwọn Lárúbáwá fúnra wọn sì ń pè é ní onka Híńdì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, erin ọba ti kú, ààfin ti wó. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí a kì í fi onka náà ka owó wa lọ́jà.