Ọ̀wọ̀ Nínú Ìròyìn Òkèèrè: Ìlú Tí Wọ́n Dárúkọ, Tí Wọn Kò Ròyìn

Láàárín àwa tí à ń ṣe ìwádìí lórí ìròyìn, ọ̀rọ̀ kan ti wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè mọ́: pé àwọn oníròyìn òkèèrè ti ba Ọ̀wọ̀ lórúkọ jẹ́, pé láti ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2022 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ìlú ẹlẹ́jẹ̀ lójú aráyé. Ẹlẹgbẹ́ wa kan, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, tún fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀ níbi àpérò kan láìpẹ́, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe pé inú mi dùn sí ohun tí àwọn ará òkèèrè kọ. Ẹ̀sùn tí a fi kàn wọ́n kọ́ ni wọ́n jẹ̀bi rẹ̀ ni mo ń wí, èyí tí wọ́n jẹ̀bi rẹ̀ gan-an sì burú ju ìyẹn lọ.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí ìròyìn jẹ́, tàbí ohun tí à ń pè ní àwòrán ìlú. Ẹni tó bá ń ka irú ìwé yìí ti mọ̀ wọ́n.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò fẹ́ àlàyé púpọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ń ṣe àjọ̀dún Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya bo ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, wọ́n yìnbọn, wọ́n sì ju ohun abúgbàù. Iye òkú tó kọ́kọ́ jáde láti ẹnu àwọn tó wà nítòsí lé ní 50. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, lábẹ́ Gómìnà Rótìmí Akérédolú tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, ní 40 ni. Ìjọba àpapọ̀ ní àwọn fura sí ẹgbẹ́ apániláyà ISWAP. Ọjọ́ 17 oṣù náà ni wọ́n ṣe ìsìnkú àpapọ̀, Àjíǹde ọdún 2023 sì ni ṣọ́ọ̀ṣì náà tún ṣílẹ̀kùn.

Ìyàtọ̀ tí ẹlẹgbẹ́ wa kò ṣe

Oríṣi ìròyìn méjì ló wà tí orúkọ ìlú máa ń wọ̀. Nínú ọ̀kan, ìlú kàn jẹ́ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ni. Nínú èkejì, ìlú fúnra rẹ̀ ni à ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n pe ti àkọ́kọ́ ní ìròyìn ibùdó, kí n sì pe èkejì ní ìròyìn ìlú. Ọ̀nà tí mo fi ń dá wọn mọ̀ kò le: ẹ yọ orúkọ ìlú náà kúrò nínú ìròyìn, kí ẹ fi ti ìlú mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yẹ̀, tí ẹni tó ń kà á ní London tàbí Toronto kò fura, ìròyìn ibùdó ni. Bó bá dàrú, tó wá dà bíi pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ohun tó ń sọ, ìròyìn ìlú ni.

Ẹ wo Mumbai. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, agbébọn mẹ́wàá wọ ìlú náà, wọ́n pa èèyàn 166 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Orúkọ ìlú náà ni gbogbo ayé fi pe ìkọlù ọ̀hún, títí dòní. Ẹni tó tẹ̀lé ìròyìn náà ní láti gbọ́ nípa Taj Mahal Palace, hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun tó ti wà láti 1903, àti nípa ibùdókọ̀ ojú irin Chhatrapati Shivaji tí èrò rẹ̀ kì í tán. Ọdún yẹn kan náà ni sinimá *Slumdog Millionaire* jáde, tí orúkọ Dharavi, àdúgbò àwọn tálákà nínú ìlú náà, fi gba ẹnu àwọn tí kò dé Íńdíà rí. Àwọn ọmọ ìlú náà bínú, wọ́n ní òṣì àti ìbẹ̀rù nìkan ni aráyé ń rí lára àwọn. Ó lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n bínú, torí pé àwòrán wà tí wọ́n lè máa bínú sí. Kéèyàn tó lè bá ayàwòrán jà pé ó ya imú òun gbọ̀ọ̀rọ̀, ayàwòrán náà ní láti kọ́kọ́ ya ojú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Èkó. Ní 2010, BBC gbé fíìmù apá mẹ́ta kan jáde, *Welcome to Lagos*, nípa àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn Olúṣòsùn, àwọn ará Mákòkò orí omi, àti àwọn tó ń gbé etí òkun. Wọlé Ṣóyínká bẹnu àtẹ́ lù ú, ìjọba wa sì fẹ̀sùn kan BBC. Bóyá wọ́n jàre tàbí wọn kò jàre, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé Èkó ni fíìmù náà dá lé. Ẹ fi Ìbàdàn rọ́pò rẹ̀, ó dàrú.

Ẹ wá gbé ti Ọ̀wọ̀ wò. Orúkọ wo ni àkọlé ìròyìn òkèèrè fi pe ìkọlù náà? Ìkọlù ṣọ́ọ̀ṣì ní Nàìjíríà ni. Àwa nílé là ń pè é ní ti Ọ̀wọ̀. Nínú ìròyìn náà fúnra rẹ̀, Ọ̀wọ̀ a máa jáde ní ìlà kejì tàbí ìkẹta: ìlú kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ó tán. Bí ẹ bá fi Ìkàrẹ́ sí i, tàbí Ìfọ́n, tàbí Adó-Èkìtì, kò sí nǹkan tí yóò yẹ̀ bí kò ṣe bóyá orúkọ bíṣọ́ọ̀bù. Àwòrán tó tẹ̀lé e ni ti ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ̀jẹ̀ wà káàkiri rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń rìn lórí rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ilẹ̀ tó wà nínú àwòrán náà lè jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì ibikíbi.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sún mọ́ àwòrán ìlú nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn èyí tí ilé iṣẹ́ ìròyìn kan ń gbà lọ́wọ́ èkejì, pé irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní apá ibẹ̀, pé agbègbè náà máa ń ní àlàáfíà ju àríwá lọ. Rere ni wọ́n sọ! Ẹlẹgbẹ́ wa kò mẹ́nu kan gbólóhùn yìí rárá.

Bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì náà kò jìnnà sí ààfin Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà. Ààfin yìí, pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ tó ju ọgọ́rùn-ún lọ láyé ijọ́hun, wà lára àwọn ibi tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Akọ̀ròyìn tó bá fẹ́ mọ irú ìlú tó wà kò nílò ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn débẹ̀. Yóò gbọ́ nípa Ìgógo, ọdún tí Ọba máa ń dirun, tó ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn nítorí Olorì Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, tí ìlù kì í dún, tí agogo ló ń dún, tí ọkùnrin kì í dé fìlà. Ìlú tó ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ di àmì kékeré lórí àwòrán ilẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ wa lè sọ pé: Chibok ńkọ́? Láti oṣù Kẹrin ọdún 2014 tí wọ́n ti jí ọmọbìnrin 276 gbé, ìlú wo ní Nàìjíríà ni aráyé mọ̀ jù ú lọ? Mo gbà pé orúkọ náà gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí wọ́n ń gbìn ní Chibok, tàbí èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀? Òkìkí kàn orúkọ náà, ìlú tó ni ín sì wà lókùnkùn. Nítorí náà, òkìkí kò sọ ìròyìn ibùdó di ìròyìn ìlú. Ti Chibok ń gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ni.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí tẹ́lẹ̀, tí wọn kò sọ nǹkan kan

Bó bá jẹ́ pé òǹkọ̀wé òkèèrè ń wá ọ̀nà láti pe Ọ̀wọ̀ ní ìlú ẹlẹ́jẹ̀, ó ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́ láti ohun tó lé ní ogójì ọdún ṣáájú. Ní 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo hú àwọn ère amọ̀ jáde ní Ìgbó'Làjà, nínú Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀kan lára wọn jẹ́ agbọ̀n tí orí èèyàn kún inú rẹ̀. Òmíràn jẹ́ ẹkùn tó fi ẹsẹ̀ èèyàn há ẹnu. Iṣẹ́ Ọ̀wọ̀ wà nínú ìpàtẹ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní Detroit ní 1980, tó lọ sí New York, tó sì dé London ní 1982. Kàkà kí ẹnu ya àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀ sí ìwà ìkà, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń sọ, àti bí Ọ̀wọ̀ ṣe dúró láàárín Ifẹ̀ àti Bìní. Rowland Abíọ́dún, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amherst, kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọ̀nà tí à ń gbà wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ ti ní ìròyìn ìlú rí, nígbà náà, lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà. Àwọn tó kọ ìròyìn 2022 kò ka tiwọn.

Àwọn tó ya orúkọ náà lò

Nígbà tí ìlú kò bá ní àwòrán tirẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kó ẹrù tirẹ̀ lé e lórí. Ààrẹ Ireland nígbà náà, Michael D. Higgins, bá wa kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́ àti ìyà tó ń jẹ àwọn darandaran kún un. Bíṣọ́ọ̀bù Jude Arógundádé ti Oǹdó kò gbà: ó ní ọ̀rọ̀ náà kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu rárá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń jà fún òmìnira ẹ̀sìn fi í bá ìjọba wọn wí pé kí ló dé tí wọ́n fi yọ Nàìjíríà kúrò lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣọ́ ní 2021. Àwọn apànìyàn pàápàá pààrọ̀ orúkọ: ìjọba sọ ISWAP ní 2022, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ọkùnrin márùn-ún lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ní oṣù Kẹjọ 2025, ẹgbẹ́ al-Shabaab ló wà nínú ìwé ẹ̀sùn, àwọn márààrún sì ní àwọn kò jẹ̀bi. Ojú ọjọ́, ẹ̀sìn, ẹgbẹ́ apániláyà: mélòó nínú wọn ni Ọ̀wọ̀?

Ìdí tí wọn kò fi wo ìlú náà kò fara sin. Èkó àti Àbújá ni Reuters, AFP àti AP ní ọ́fíìsì sí. Fóònù ni wọ́n fi ń kó ìròyìn wákàtí àkọ́kọ́ jọ, ìdí nìyẹn tí iye òkú fi ń yí. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, London ń parí àjọyọ̀ àádọ́rin ọdún Ọbabìnrin Elizabeth lórí ìtẹ́. Àbújá ń múra ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú APC tí Tinúbú jáwé olúborí nínú rẹ̀. BBC Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, lè dà bí ohun tó ta ko àlàyé mi, torí London ló ni ín, èdè wa ló sì ń sọ. Mo kà á sí ìròyìn ilé.

N kò ní sọ pé ohun tí mo wí kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìwé ìròyìn kan wà ní Jámánì tàbí Brazil tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n títí ẹnikẹ́ni yóò fi gbé e wá síwájú mi, ohun tí ẹ̀rí ń tọ́ka sí ni pé wọn kò ba Ọ̀wọ̀ lórúkọ jẹ́. Wọn kò wò ó ni.

Láti Ọ̀wọ̀ sí Ọ̀sẹ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí yóò gbé mi lọ ni ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, níbi tí mo wà: Ìdògùn, Ìdóàní, Ìmọ̀rù, Arímọgijà, Òkèlúṣẹ̀. Fún àwa ará Ìdògùn, Ọ̀wọ̀ ni ìlú ńlá; ibẹ̀ là ń gbé aláìsàn lọ, ibẹ̀ là ń ná ọjà. Bí ìròyìn òkèèrè kò bá rí Ọ̀wọ̀, kí ni yóò rí nínú wa? Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, wọ́n yìnbọn pa Olúfọ́n, ọba Ìfọ́n ní Ọ̀sẹ́ wa yìí, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka bó ṣe ń bọ̀ láti ìpàdé àwọn ọba ní Àkúrẹ́. Ọba ni, lójú ọ̀nà márosẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Mo fẹ́ mọ bí ìròyìn yẹn ṣe rìn: kí ló ti ẹnu awakọ̀ dé orí rédíò Àkúrẹ́, kí ló dé orí WhatsApp àwọn ọmọ wa ní Èkó àti London, kí ló sì bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo rò pé ibẹ̀ la ó ti rí i pé ìròyìn ibùdó kò bẹ̀rẹ̀ ní London. Ó ṣeé ṣe kó ti bẹ̀rẹ̀ láti Àkúrẹ́.

Iṣẹ́ náà kò ṣeé dá ṣe. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ gba ohùn ìròyìn rédíò OSRC tàbí Adaba FM sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n pa Olúfọ́n, tàbí tí ẹ ṣì ní ìwé ìròyìn *Aláròyé* ìgbà náà nílé, ẹ má ṣe jó wọn, ẹ má sì ṣe fi wọ́n pọ́n àkàrà. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé yìí kí a lè ṣe ẹ̀dà wọn, kí a dá tiyín padà.