Tarkwa Bay: Ìtàn Etíkun tí Ògiri Òkúta Bí

Tarkwa Bay wà ní ẹnu ibi tí ọ̀sà Èkó ti ń wọ inú òkun, lápá ìwọ̀-oòrùn, ní ọ̀kánkán Victoria Island. Kò sí títì tó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn lọ, ìrìn náà kì í sì í pẹ́. Orí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó nà lọ sí ìhà Bàdágírì ló wà: òkun ń lù ú lápá gúúsù, omi ọ̀sà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá àríwá. Nítorí pé omi ni wọ́n ń là kọjá kí wọ́n tó dé ibẹ̀, erékùṣù ni ọ̀pọ̀ ará Èkó kà á sí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ìdílé ti ń kó ọmọ wọn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, lọ́jọ́ Àìkú àti lásìkò ọdún, láti wẹ̀, láti jẹun, kí wọ́n sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi ibẹ̀ rọ̀ débi tí ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkun tí ìgbì rẹ̀ ń pariwo wà nítòsí. Ìrọ̀rùn yìí kò ti ọwọ́ òkun wá. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é, nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà tí ọkọ̀ òwò yóò gbà wọ Èkó.

Kí ọkọ̀ ńlá tó lè wọ Èkó

Ẹnu ọ̀sà yìí ni omi ọ̀sà, odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ń gbà dé òkun. Ìgbì tó ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá a máa gbá iyanrìn etíkun lọ sí ìlà-oòrùn tọ̀sán-tòru. Bí iyanrìn náà bá dé ẹnu ọ̀sà, omi tó ń jáde bọ̀ yóò dá a dúró, yóò sì rì síbẹ̀. Báyìí ni òkìtì iyanrìn ńlá kan ṣe ga lábẹ́ omi, tó dí ojú ọ̀nà. Omi tó wà lórí òkìtì náà kì í sábà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 15. Kì í sì í dúró lójú kan: ọ̀nà tí atukọ̀ gbà lóṣù tó kọjá lè ti dí kó tó tún padà wá.

Òkìtì yìí dáàbò bo Èkó nígbà kan, ó sì fi ìyà jẹ ẹ́ nígbà mìíràn. Ní oṣù Kejìlá 1851, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì wá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè láti dá Akítóyè, ọba tó wà ṣáájú rẹ̀, padà, àwọn ọkọ̀ ogun wọn tó tóbi kò lè kọjá. Àwọn kéékèèké bíi Bloodhound àti Teazer ló wọlé, àwọn méjèèjì sì há sórí iyanrìn nínú ọ̀sà níbi tí ìbọn àwọn ará Èkó ti ń bà wọ́n. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní oṣù Kẹjọ 1861, epo pupa àti èkùrọ́ tó ń ti ilẹ̀ Yorùbá jáde ń pọ̀ sí i, òkìtì iyanrìn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá tó ti Liverpool wá ní láti dúró sí ojú òkun, tàbí kó lọ sí Forcados ní ìhà ẹnu odò Ọya, níbi tí wọn yóò ti kó ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké tó lè padà wá sí Èkó. Owó tí èyí ń ná oníṣòwò pọ̀, ọjọ́ tó ń jẹ kò sì kéré.

Ìyà èrò ju ti ẹrù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ńlá yóò jókòó sínú àpótí onípákó kan tó ní ìjókòó. Wọn yóò fi okùn fa àpótí náà sókè, wọn yóò gbé e kọjá etí ọkọ̀, wọn yóò sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ àjẹ̀ kan tí ìgbì ń gbé sókè-sódò nísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó di okùn mú. Bó bá tú u kí ìgbì tó gbé ọkọ̀ àjẹ̀ sókè, àpótí á já lu pákó, gbogbo eegun èrò á sì mì. Bó bá tú u nígbà tí ọkọ̀ ti sún kúrò nísàlẹ̀, inú omi ni èrò yóò bá ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìgbì orí òkìtì iyanrìn ṣì ń dúró dè é, níbi tí ọkọ̀ ti dojú dé lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ̀mí sì ti bọ́. Ní àkókò yẹn, kò sí ẹni tó ń kó ọmọ lọ ṣeré ní ẹnu ọ̀sà Èkó.

Ògiri òkúta méjì

Ní 1892, ilé iṣẹ́ Sir John Coode, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọṣẹ́ èbúté ṣíṣe, mú àbá wá nípa bí wọ́n ṣe lè ṣí ẹnu ọ̀nà náà. Owó tí iṣẹ́ náà yóò gbà da ìjọba lọ́kàn rú, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ ojú irin ló sọ ọ̀rọ̀ náà di kíákíá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹrù tó ń ti òkè wá pọ̀ sí i, ó wá ṣe kedere pé kò sí àǹfààní nínú kí ọkọ̀ ojú irin yára kó ẹrù dé etí omi bí ọkọ̀ òkun kò bá lè wá gbé e.

Ní 1907, nígbà tí Walter Egerton jẹ́ gómìnà, ọkọ̀ ìwayanrìn kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ orí òkìtì náà. Ní 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ògiri òkúta tó wà lápá ìlà-oòrùn. Ti ìwọ̀-oòrùn tẹ̀ lé e. Kò sí òkúta ní Èkó, ilẹ̀ iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni. Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń kó o wá sí etí ọ̀sà kí wọ́n tó dà á sínú omi. Òkúta ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló ń gba ìlù ìgbì ní ẹnu èbúté Èkó títí di òní.

Ọgbọ́n tó wà nínú ògiri méjèèjì ni pé wọ́n fún ẹnu ọ̀sà pọ̀. Omi tó ń tàn káàkiri tẹ́lẹ̀ wá ń gba ojú kan ṣoṣo, ó ń sáré, ó sì ń gbá iyanrìn jáde fúnra rẹ̀. Ògiri ìwọ̀-oòrùn sì ń dá iyanrìn tó ń bọ̀ dúró kó tó dé ojú ọ̀nà. Nígbà tí ó fi máa di 1914, àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọ inú ọ̀sà, wíwa ọkọ̀ lọ sí Forcados sì bẹ̀rẹ̀ sí í dópin. Láti 1921 sí 1926, wọ́n kọ́ èbúté olómi jíjìn sí Àpápá. Láti ìgbà náà ni Èkó ti gba ipò iwájú láàárín èbúté Nàìjíríà.

Ohun tí ògiri fún ni àti ohun tó gbà

Ibi tí ògiri ìwọ̀-oòrùn ti ya òkun sọ́tọ̀ ni Tarkwa Bay wà. Ìgbì ń kọlu òkúta lápá òde. Lápá inú, omi ń rọra wọlé, iyanrìn sì tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Lẹ́yìn ògiri yìí kan náà, lójú òkun gan-an, iyanrìn tí kò rí ọ̀nà kọjá mọ́ ń kó jọ lọ́dọọdún, ilẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Lighthouse Beach, nítorí ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Etíkun méjì tí ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ wà láàárín wọn ni wọ́n, ìwà wọn kò sì jọra rárá: ti inú rọ̀ fún ọmọdé, ti òde a máa fa àgbàlagbà tó mọ̀wẹ̀ lọ.

Iyanrìn tí ìwọ̀-oòrùn gbà, ìlà-oòrùn ló pàdánù rẹ̀. Bar Beach, ní Victoria Island, wà lẹ́yìn ògiri kejì. Òkun ṣì ń kó iyanrìn rẹ̀ lọ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n òmíràn kò wá dípò rẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ nípa etíkun ṣírò rẹ̀ pé, láàárín ìdajì ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé iṣẹ́ náà, òkun jẹ ilẹ̀ tó tó nǹkan bí kìlómítà kan wọlé nídìí ògiri ìlà-oòrùn. Láti 1958, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn síbẹ̀ léraléra. Òkun sì ń kó o lọ léraléra. Bẹ́ẹ̀, Bar Beach ni etíkun gbogbo ará Èkó nígbà náà. Ibẹ̀ ni èrò ń ya sí lọ́jọ́ Kérésìmesì àti lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, ibẹ̀ ni àwọn ìjọ aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà lóru, ibẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba ní àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn ọdún 2000, òkun ń kún wọ títì Ahmadu Bello lákọlákọ. Ní ìkẹyìn, wọ́n kó iyanrìn kún ibi tí òkun ti gbà, wọ́n mọ ògiri tuntun yí i ká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú Eko Atlantic sórí rẹ̀. Bí etíkun ọ̀fẹ́ tí tálákà àti olówó jọ ń lò ṣe parẹ́ nìyẹn.

Òkúta kan náà ló fún Èkó ní Tarkwa Bay tó sì gba Bar Beach lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìtàn ọ̀kan láìka ti èkejì kò tíì ka ìtàn etíkun Èkó tán.

Bí ìgbafẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀

Àwọn òyìnbó amúnisìn àti oníṣòwò ló kọ́kọ́ sọ Tarkwa Bay di ibi ìgbafẹ́. Wọ́n ní ọkọ̀ tiwọn, ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ àṣà wọn. Lagos Yacht Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, mú kí wíwa ọkọ̀ onígbòkun lórí omi èbúté di eré ìdárayá. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò àti ẹbí wọn gba àṣà náà, wọ́n sì sọ ọ́ di ti ara wọn. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń kó èrò mú kí ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè lọ. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣe píkíníìkì níbẹ̀. Nígbà tí Bar Beach ń parẹ́, èrò Tarkwa Bay ń pọ̀ sí i.

Àwọn ọmọ ibẹ̀ náà rí iṣẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn kan ń yá èèyàn ní àga àti àgọ́, àwọn obìnrin ń dín ẹja, wọ́n ń ta omi tútù àti àgbọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó dàgbà sí etí ògiri kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pákó gun ìgbì, débi pé nígbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ eré yìí ní Nàìjíríà, Tarkwa Bay ni wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ.

Ètò ìrìn ọjọ́ kan

Àṣà ìrìn náà ti ní ìlànà tirẹ̀. Jẹ́tì CMS ní Marina, ti Mekwen ní Ìkòyí àti ti Tarzan ní ojú ọ̀nà Ozumba Mbadiwe ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń wọkọ̀. Àgbà ilé tó ń ṣètò ìrìn ló ń bá ọlọ́kọ̀ nájà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, iye àlọ àti àbọ̀ pọ̀, wọn a sì fẹnu kò sí aago tí ọkọ̀ yóò padà wá gbé wọn. Àwọn tó mọ ibẹ̀ dáadáa kì í san owó àbọ̀ tán títí ọkọ̀ yóò fi dé. Ìyá ilé ń di ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín àti ẹran díndín sínú kúlà, nítorí pé oúnjẹ etíkun wọ́n ju ti ilé lọ. Wọn a kó aṣọ ìpààrọ̀ àti omi mímu dání.

Láìfújákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀ṣọ́. Lagos State Waterways Authority, àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2008, sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èrò, ó sì ka ìrìn alẹ́ léèwọ̀ fún ọkọ̀ èrò. Ìdí rẹ̀ hàn lójú omi: ojú ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ kékeré àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ Àpápá ń gbà, ìgbì tí ọkọ̀ ńlá fi sẹ́yìn sì lè mi ọkọ̀ kékeré jìgìjìgì. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ara rẹ̀. Ti àgbàlagbà yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ bó bá já sómi. Àsìkò náà ní ìyàtọ̀: láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni òkun máa ń tù jù, ìgbì oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ló sì máa ń le jù. Lápá inú ògiri ni kí ọmọdé wẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wo òkun gidi ní Lighthouse Beach, kí wọ́n wò ó láti orí iyanrìn.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀

Tarkwa Bay kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ nìkan. Apẹja àti oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹbí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Nítòsí wọn ni Atlas Cove wà, níbi tí wọ́n ti ń tú epo bẹntiróòlù sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun, tí páìpù sì ń gbé e lọ sí ibùdó epo Mosimi. Ní oṣù Kìíní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò níbẹ̀, wọ́n sì wó ilé wọn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn kan ń bẹ́ páìpù láti jí epo. Tọmọdé tàgbà ló forí kó o, àti ẹni tó jí àti ẹni tí kò jí. Àwọn kan padà lẹ́yìn náà, èrò ìgbafẹ́ kò sì dáwọ́ lílọ dúró.

Ìyà yìí jẹ́ ara ìtàn ibẹ̀ bí òkúta Àrò ṣe jẹ́ ara rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹnu èbúté Èkó bá yí padà, ẹnìkan a jèrè, ẹlòmíràn a pàdánù: òwò jèrè nígbà tí òkìtì iyanrìn ṣí, àwọn tó ń lo Bar Beach pàdánù, ìdílé jèrè etíkun tó rọ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì pàdánù ilé. Ó tọ́ kí ìjọba tó ń tún ògiri òkúta ṣe fún ọkọ̀ òwò ka àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri náà kún ohun tó yẹ kó dáàbò bò, kó sì jẹ́ kí etíkun yìí wà fún gbogbo ènìyàn, nítorí pé díẹ̀ ni irú rẹ̀ tó kù ní Èkó.