Ọmọ Òṣoogùn tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀

Lónìí ni ẹ ó gbọ́ àkọ́sórí, tí ẹ ó gbọ́ orin, tí ẹ ó sì rí eré tí àwọn ọmọ ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí èmi fẹ́ bá yín sọ kò ní ìlù, kò sì ní aṣọ àjọ̀dún. Ó jẹ́ ohun tí a lè ṣe nínú ilé wa ní alẹ́ ọjọ́kọ́jọ́: kí a máa sọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ẹni ńlá fún àwọn ọmọ wa. Àwọn baba wa a máa sọ pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí òbí bá dákẹ́, tí olùkọ́ náà sì dákẹ́, àrọ́bá wo ni ọmọ tí a bí ní Peckham yóò bá?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní kíláàsì, láti orí oyè ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Mo kọ ọdún rẹ̀ sára pátákó, mo sì ní kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n sì ń yán. Ìgbà tí mo mẹ́nu kàn án pé wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré ni ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Àǹtí, ọmọ ọdún mélòó ni nígbà náà? Ṣé ó sunkún?" Gbogbo kíláàsì dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Ìbéèrè yẹn ni ó kọ́ mi bí a ti í sọ ìtàn ẹni ńlá fún ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, ibi tí ọmọ yẹn ti béèrè ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ọ bí ó ti rí. Ní Òṣoogùn, nínú ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí, ni a ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Àjàyí ni orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wá sáyé. Baba rẹ̀ a máa hun aṣọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí wọ́n ti ń tọ́jú oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ni ariwo ta pé ogun dé. Baba sáré wọlé, ó ní kí ìyá àti àwọn ọmọ sá lọ, òun fúnra rẹ̀ sì padà sí ojú ìjà. Àjàyí kò tún rí baba rẹ̀ mọ́. Wọ́n sá gba inú igbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn akónilẹ́rú tẹ̀ wọ́n níbẹ̀: òun, ìyá rẹ̀, àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan ṣì wà lẹ́yìn ìyá. Wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì fà wọ́n lọ.

Ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni Àjàyí nígbà náà. Ọjọ́ orí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama láàárín yín nìyẹn. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í gba ẹṣin. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ẹṣin náà kò wu ẹni tí ó gbà á mọ́. Ó dá a padà, ó sì gba ọmọ rẹ̀ padà, bí ìgbà tí ènìyàn dá ọjà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ kan tún tà á fún òmíràn. Nígbà kan, tábà àti ọtí ni owó orí rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ń tà á lọ títí ó fi dé Èkó. Ẹ̀yin òbí, apá kan wà nínú ìrìn àjò yìí tí ó wúwo ju kí n sọ ọ́ fún ọmọ kékeré lọ. Mo fi í pa mọ́ de ìgbà tí wọn yóò tó o gbọ́. Fífi nǹkan pa mọ́ fún ìgbà díẹ̀ yàtọ̀ sí irọ́ pípa.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó Àjàyí wọ inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ náà kò tíì jìnnà nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró, tí wọ́n sì gba àwọn ẹrú inú rẹ̀. Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé ìdáǹdè ni ó dé. Nínú ọkọ̀ tuntun náà, wọ́n rí ẹran tí a fi kọ́, wọ́n sì rí ọta ìbọn ńlá rogodo tí a kó jọ. Wọ́n rò pé ẹran ara ènìyàn ni, àti pé orí àwọn tí a kó ṣáájú wọn ni rogodo wọ̀nyẹn! Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn, tí wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ lára ẹran náà, ni ọkàn wọn tó balẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́, nítorí wọ́n mọ irú ìbẹ̀rù tí ó ń mú ọmọdé ní ibi àjèjì.

Báwo ni a ṣe mọ gbogbo èyí? Òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ ọ́. Ní ọdún 1837, nígbà tí ó ti di olùkọ́ ní Sàró, ó jókòó, ó sì kọ lẹ́tà gígùn kan sí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS. Kò fi ìbànújẹ́ rẹ̀ pa mọ́, kò sì fi ìbẹ̀rù rẹ̀ pa mọ́. Bí kò bá ṣe lẹ́tà náà, èmi kì bá tí rí ìdáhùn kankan fún ọmọbìnrin tí ó na ọwọ́ sókè.

Sàró ni wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka ìwé. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, ó sì gba orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, èyíinì ni Samuel Crowther. Ní ọdún 1826, ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà tí a ń gbé, ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Islington. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní Freetown. Ó fẹ́ Asano, tí a tún ń pè ní Susan, ẹni tí a gbà lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú gẹ́gẹ́ bí a ti gba òun náà. Ní ọdún 1843, a fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún náà ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ Bíbélì, òun àti àwọn mìíràn, iṣẹ́ náà sì gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún. Bíbélì Mímọ́ tí ẹ ń kà nínú ìjọ yìí, orí iṣẹ́ wọn ni a gbé e kà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni ó dé Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ̀, Àfàlá, gbọ́ pé ọmọ òun ti dé. Ọdún márùn-ún-lé-lógún ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Nígbà tí wọ́n pàdé, ọ̀rọ̀ kò lè jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n kàn di ara wọn mú. Ní ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hannah, bí ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Ní ọdún 1851, Crowther lọ rí Ọbabìnrin Victoria ní Windsor. Níbẹ̀ ni ó ti ka Àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá ní etí ọba. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí ìyá yín bá pè yín lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì, tí ẹ kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu yín, ẹ rántí ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Kàtídírà Canterbury. Ibí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń pa ìtàn náà dé sí. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1890, nígbà tí ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tí kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, wọ́n sì tàbùkù bàbá arúgbó náà. Ó fi ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 2014, nígbà tí oyè náà pé 150 ọdún, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, Justin Welby, tọrọ àforíjì ní gbangba nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Ó yẹ kí ọmọ wa gbọ́ èyí náà. Bíbélì kò fi ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì pa mọ́, kò sì fi sísẹ́ tí Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀ pa mọ́. Bí a bá ń sọ kìkì ayọ̀ ẹni ńlá, ọjọ́ tí ìyà bá jẹ ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́, yóò rò pé òun kò sí lára irú àwọn tí ó ń di ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé Àjàyí bẹ̀rù, tí a sì rẹ́ ẹ jẹ, tí ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí, yóò rí ẹni tí òun lè tẹ̀ lé.

Bí ẹ bá sì ń wá ẹni tí ó súnmọ́ ilé, ẹ mú ọmọ yín lọ sí ilé kẹrìnlélọ́gọ́jọ, èyíinì ni nọ́ńbà 164, ní Queen's Road ní Peckham níbí. Àmì aláwọ̀ búlúù kan wà lára ògiri rẹ̀. Dókítà Harold Moody gbé níbẹ̀. Jamaica ni a bí i sí ní ọdún 1882. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1904 láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ó ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò gbà á síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó ṣí ilé ìtọ́jú tirẹ̀ ní Peckham ní ọdún 1913, ó sì ń tọ́jú àwọn aláìní. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni. Ní ọdún 1931, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní ilẹ̀ yìí. Ó kú ní ọdún 1947. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń gba iwájú ilé náà kọjá lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, láti ìgbà èwe ẹni ńlá náà ni kí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, kì í ṣe láti orí oyè. Èkejì, ẹ jẹ́ kí ọmọ béèrè. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn, ẹ jùmọ̀ wá a nínú ìwé. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: ẹ má ṣe fi ìtàn ẹni ńlá na ọmọ. "Wo Crowther, ìwọ kò tilẹ̀ lè ka ojú ìwé kan!" Ọmọ tí a bá bá wí báyìí yóò kórìíra Crowther, kò sì ní ka ojú ìwé náà.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tiyín nìyí kí àjọ̀dún mìíràn tó dé. Ẹ yan àgbà kan nínú ilé yín tàbí nínú ìjọ. Ẹ bi í pé: Kí ni orúkọ tí wọ́n ń pè yín ní ilé nígbà tí ẹ wà ní kékeré? Iṣẹ́ wo ni baba yín ń ṣe? Kí ni ó bà yín lẹ́rù ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù? Ta ni ó ràn yín lọ́wọ́? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Ojú ìwé kan tó. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó jẹ́ kí a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òṣoogùn ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Kí Ọlọ́run tí ó mú Àjàyí la omi já kí ó mú gbogbo yín dàgbà. Àmín.