Mítà Dé Ìkẹjà, Kò Tíì Dé Ẹnu Wa

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní 1973, pọ́n-ùn lọ, náírà dé. Òfin òṣùwọ̀n ti 1974 ló tẹ̀ lé e, pé mítà, kílò àti lítà ni ká máa lò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkẹta nìkan ni kò tíì wọlé tán.

Kí ló dé? Ẹ rántí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn ń pe kọ́bọ̀ 10 ní ṣílè, tí wọ́n ń pe náírà 2 ní pọ́n-ùn. Orúkọ àtijọ́ di afárá tí wọ́n gbà kọjá sórí owó tuntun. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lowó ń kọjá lọ́wọ́ wa. Ta ló fẹ́ ra gààrí láì fọwọ́ kan náírà? Mítà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo àwọn ilé iṣẹ́ láti Ọba Akran ní Ìkẹjà títí dé Agége. Kílò àti lítà ni wọ́n ń tẹ̀ sára àpò àti ìgò. Ẹ wá wọ ọjà ìtòsí: kóńgò ni ìrẹsì, yáàdì ni aṣọ. Ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, tó gba Agége kọjá, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ìǹṣì 6 ni ìbú rẹ̀. Ti tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà 2021, mílímítà 1,435 ni. Ojú irin méjèèjì wà ní Agége lónìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé lásán o. Ẹlòmíì ń pe ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120 ní púlọ́ọ̀tì kan. Ẹlòmíì, 50 lọ́nà 100. Àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà onígun mẹ́rin 669; èkejì ò ju 465 lọ. Ẹni tí kò mọ mítà lè san owó ti àkọ́kọ́, kó gba ilẹ̀ ti èkejì. Bẹ́ẹ̀, mítà làwọn tó ń wọn ilẹ̀ ń kọ sínú ìwé tó máa fọwọ́ sí.

Ibi tí mo rò pé a lè gbà tún un ṣe ni ilé ìkàwé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi sẹ̀ǹtímítà kọ gíga ìwé kọ̀ọ̀kan sínú àkọsílẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n òǹkàwé kì í bojú wò ó. Ẹ jẹ́ ká gbé e jáde. Kí wọ́n fàlà mítà sára òpó ẹnu ọ̀nà, kọ́mọdé máa fi wọn ara rẹ̀. Kí wọ́n gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀, kí ìyá ọlọ́jà lè mọ iye kílò tó wà nínú kóńgò rẹ̀.

Ìka, ìgbọ̀nwọ́ àti ẹsẹ̀ làwọn baba wa fi ń wọn nǹkan, torí ara wọn ni wọ́n mọ̀. Ohun tí ọwọ́ bá mọ̀, ẹnu ò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n.