Ọ̀rọ̀ Tí Wọn Kò Gbọdọ̀ Sọ: Ìjì Ọdún 1925 àti Àtúnṣe Tó Tẹ̀lé E

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 1925, ìjì kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ìlú kékeré tó ń jẹ́ Ellington ní ìpínlẹ̀ Missouri, l'Amẹ́ríkà. Nǹkan bí aago kan ọ̀sán ni. Ó la Illinois kọjá, ó wọ Indiana, kò sì dáwọ́ dúró títí di nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Ọ̀nà tó rìn tó kìlómítà 352. Ẹni 695 ló pa, nǹkan bí ilé 15,000 ló sì bàjẹ́ pátápátá. Títí di òní, kò sí tornado mìíràn tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà.

Iye òkú yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sọ. Èmi, torí pé iṣẹ́ èdè ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ìkéde ojú ọjọ́ ti ọjọ́ náà. Ìkéde sọ ti òjò, ó sọ ti afẹ́fẹ́ líle. Kò sọ tornado. Bí ẹni tó kọ ọ́ tilẹ̀ fura, kò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká tọpa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ń lò ó, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, tí wọ́n ń pè é ní ternado. Ó jọ pé tronada, ọ̀rọ̀ Spéènì fún ìjì ààrá, ni wọ́n yí po. Ìjì tó ń jà lójú òkun Àtìláńtíìkì níbi tí oòrùn ti mú ni wọ́n ń fi pè, títí kan èyí tó ń jà ní etíkun tiwa nígbà òjò àkọ́rọ̀. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ yìí ti mọ etíkun Gíní kó tó mọ Missouri.

Ní àwọn ọdún 1880, ológun kan tó ń jẹ́ John Park Finley ń kó ìròyìn tornado jọ káàkiri Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1884, ó ti ń dán an wò bóyá ènìyàn lè sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá fi ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìkéde. Kí ló dé? Wọ́n ní ìpayà tí yóò dá sílẹ̀ lè burú ju ìjì fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí Weather Bureau gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ológun, àṣà yìí kò yí padà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwa la sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ọjà yìí wà níbẹ̀ o, ẹnu wọn ni wọ́n dì.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìyà rẹ̀ jẹ àwọn aráàlú. Ní Murphysboro, ní Illinois, ẹni 234 ló kú. Iná tún sọ, omi tí wọn yóò fi pa á kò sí. Ní De Soto, ilé ẹ̀kọ́ wó, ọmọ 33 sì kú. Ní West Frankfort, ọ̀pọ̀ ọkùnrin wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa èédú. Nígbà tí iná mànàmáná kú, wọ́n gùnkè jáde, wọ́n wá bá òkú ìyàwó àti ọmọ. Kòtò tí gbogbo ayé ń pè ní ibi ewu ló gbà wọ́n là. Ilé ni ikú wà.

Kò sẹ́ni tó lè ní wọn kò ṣe gudugudu méje lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ ojú irin gbé dókítà àti nọ́ọ̀sì wá, ó sì kó àwọn tó fara pa lọ sí ìlú mìíràn. Red Cross pàgọ́ fún àwọn tí kò nílé mọ́. Àwọn tó ṣẹ́ kù sin òkú, wọ́n kó àwókù, wọ́n mú ìṣó àti pákó. Murphysboro dìde. Àwọn ibòmíràn, bíi Parrish, kò padà sí bí wọ́n ti rí.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe. Wọ́n tún òrùlé ṣe, wọn kò tún ìkìlọ̀ ṣe. Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì bá tí gba gbogbo àwọn 695 náà là: kò sí rédà nígbà náà, rédíò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ, ta ni yóò kọ́ bí a ṣe ń sá fún un?

Ọdún mẹ́tàlélógún kọjá. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹta, ọdún 1948, tornado ba ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ ní ibùdó ológun Tinker, ní Oklahoma. Wọ́n ní kí ọ̀gá ológun méjì, Ernest Fawbush àti Robert Miller, wá ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ 25, wọ́n rí àmì kan náà lójú ọjọ́, wọ́n sì sọ pé tornado lè wáyé. Ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ní 1950, ọ̀gá Weather Bureau, Francis Reichelderfer, kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kò sí òfin tó ní kí wọ́n má sọ tornado. Ní 1952, aráàlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ nínú ìkéde.

Ṣé ọ̀rọ̀ wá parí síbẹ̀? Rárá o. Missouri kan náà la tún padà sí. Ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 2011, tornado wó ìdá ńlá nínú ìlú Joplin, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 150. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kìlọ̀, fèrè ìkìlọ̀ sì dún. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn náà rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sá lójú ẹsẹ̀. Fèrè náà ti dún létí wọn rí láìmọye ìgbà, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń wá ẹ̀rí kejì: wọ́n yọjú síta, wọ́n wo tẹlifísọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ ní 1925 ti di èyí tí etí ti gbọ́ kó.

Àtúnṣe Joplin wú mi lórí. Àìmọye olùyọ̀ǹda ara ẹni wá láti ọ̀nà jíjìn. Ilé ẹ̀kọ́ ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ 17, oṣù Kẹjọ, kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Inú ilé ìtajà ńlá kan ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ tó dàgbà jù. Wọ́n kọ́ yàrá ààbò sí àwọn ilé ẹ̀kọ́. Èyí tó sì dùn mọ́ mi jù ni pé ní 2012, àwọn ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ní Kansas àti Missouri bẹ̀rẹ̀ sí í dán èdè tuntun wò nínú ìkìlọ̀. Wọn kì í dárúkọ ìjì nìkan mọ́. Wọ́n ń sọ ohun tí yóò ṣe sí ilé àti sí ènìyàn. Ohun tí àwọn ará 1925 kò tún ṣe, òun ni wọ́n ń tún ṣe yìí.

Ó kan àwa náà. Ìjì òjò àkọ́rọ̀ ń ṣí páànù wa lọ́dọọdún. Tó bá ti jà tán, a ó ka ilé, ìjọba a gbé ìrẹsì àti mátírẹ́ẹ̀sì wá, káfíńtà a gun òkè. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ni wọ́n sọ létí wa lálẹ́ àná. Lórí rédíò, "ìjì líle" la fi ń pe gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èdè wa kò tòṣì. A ní ẹ̀fúùfù, a ní ìjì, a sì ní ààjà, afẹ́fẹ́ tó ń yí po, tí wọ́n ní ó máa ń gbé ènìyàn wọ igbó lọ kọ́ ewé. Òun náà ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lò fún èyí tó gbé Èlíjà. Tornado gan-an, ìjì ààjà ni mo máa ń pè é.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó. Joplin ti kọ́ wa. Kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi kún un pé: ìjì yìí lè ká páànù, ẹ má dúró sábẹ́ igi, ẹ kúrò nídìí pátákó ìpolówó, ẹ pe àwọn ọmọ wọlé. Gbólóhùn mẹ́rin péré ni. Owó rẹ̀ kò tó ti bọ́ndù páànù kan.