Láti Taiwan dé Chinko: Ìtàn Ọjà Pọ̀ọ́kú ní Boundary



Àwa tí à ń gbé apá Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ mọ̀ pé bí a bá fẹ́ kó ẹrù lọ sílé, Boundary la máa ń kọ́kọ́ yà sí. Fíríìjì fún Màmá, fáànù fún Bàbá, jẹnẹrétọ̀ kékeré fún àbúrò tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìbéèrè wa kì í sì ju ẹyọ kan lọ: "Èló lẹ máa gbà jálẹ̀?" Ìbéèrè yẹn dáa, àmọ́ ìtàn ibẹ̀ fi hàn pé kò tó.

Ẹ wo bí ibẹ̀ ṣe rí ná. Ní 1926 ni wọ́n ṣí èbúté Àpápá. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, ìgbìmọ̀ ìjọba tí wọ́n ń pè ní LEDB la ilẹ̀ Àpápá sí títì àti ilé olówó. Ibi tí ilé olówó yẹn parí sí, tí Ajégúnlẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun là ń pè ní Boundary. Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: ajé ti gúnlẹ̀ síbí. Òótọ́ ni, gbogbo ohun tó bá ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ìbáà jẹ́ ojúlówó, ìbáà jẹ́ pàǹtí.

Ọjà pọ̀ọ́kú kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, aṣọ àti bàtà rọ́bà láti Japan kún ọjà Èkó, owó wọn sì kéré sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1934, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òdiwọ̀n sí aṣọ Japan tó lè wọ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe torí pé wọ́n ń ṣàánú wa o! Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń dáàbò bò. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, Japan yìí kan náà ló wá di orúkọ tí gbogbo èèyàn fọkàn tán lórí rédíò àti ọkọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tó pọ̀ọ́kú ni kò dáa.

Nígbà tí owó epo dé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì gba owó Údójì ní 1975, ohun tuntun ni kálukú ń rà. Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì dí èbúté Èkó pa, tí ìjọba fi kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977. Àwọn oníṣòwò rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó wà ní Alábà apá Ajégúnlẹ̀ kó lọ sí Ọjọ́ ní nǹkan bí 1978, ibẹ̀ ló wá di Alábà International.

Àmọ́ owó epo já wálẹ̀. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ìjọba gbé SAP dé ní 1986, nígbà tó sì di 1987, nǹkan bíi náírà mẹ́rin la fi ń ra dọ́là kan. Ohun tuntun gòkè kọjá ọwọ́ tálákà. Ìgbà yẹn ni orúkọ tuntun wọ ẹnu wa. Ohun tí kò lálòpẹ́, wọ́n ń pè é ní "Taiwan". Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n ti lò lókè òkun, "Belgium". Orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun, Tòkunbọ̀, ni a sì fún ọkọ̀ àti fíríìjì tí òyìnbó ti lò tì. Nígbà tó yá, "Chinko" gba ipò Taiwan.

Àwọn tó ń tajà máa ń sọ pé tòkunbọ̀ gidi sàn ju tuntun ayédèrú lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ta ló mọ èyí tó jẹ́ gidi? Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network wá wo ọjà kọ̀ǹpútà ní Èkó. Wọ́n ní nǹkan bíi kọ̀ńténà 500 ló ń wọlé lóṣù, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà níbí sì sọ fún wọn pé ó lè tó ìdá 75 nínú 100 tí kò ṣeé tún ṣe, tí kò sì ṣeé tà. Ní 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí dúró sí èbúté Èkó fúnra wọn: nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ó kéré tán, ìdá 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́ rárá. Fíríìjì àlòkù pàápàá, òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù ti kà á léèwọ̀, síbẹ̀ ẹ rí i lójú títì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní fíríìjì àlòkù fi yúnítì iná kan ju tuntun lọ lójúmọ́. Ní April 2024, iye tí wọ́n gbé Band A sí ni ₦225 fún yúnítì kan. Ìyẹn jẹ́ ₦6,750 lóṣù, ₦81,000 lọ́dún, a ò tíì ka owó gáàsì àti owó ẹni tó ń tún un ṣe. Jẹnẹrétọ̀ kékeré "I better pass my neighbour" náà ńkọ́? Owó tí a fi rà á kò tó nǹkan, àmọ́ epo bẹntiróòlù àti ọ́ìlì ló ń jẹ pọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 dé nǹkan bíi ₦500. Èéfín rẹ̀ sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú, torí pé wọ́n gbé e sí kọ̀rídọ̀.

Wáyà iná ló burú jù. Ayédèrú máa ń tinrín ju nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára lọ, tàbí kó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Bí ẹrù iná bá pọ̀ lórí rẹ̀, á gbóná, rọ́bà rẹ̀ á yọ́, iná á sì sọ. Ìjọba dá SON sílẹ̀ láti 1971, ètò SONCAP sì bẹ̀rẹ̀ ní 2005 kí wọ́n lè yẹ ọjà wò kó tó kúrò ní ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Síbẹ̀, ojú tiwa náà gbọ́dọ̀ là.

A ò bú ẹnikẹ́ni o. Ẹni tí ₦30,000 wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ra ohun ₦150,000, bó ti wù kó gbọ́n tó. Ìdí nìyẹn tí tálákà fi ń ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ èésú àti àjọ wà láàárín wa. Ẹni mẹ́wàá lè dájọ kí kálukú ra ojúlówó nígbà tó bá kàn án. Ẹ sọ pé kí wọ́n tan ohun oníná fún yín fún wákàtí kan, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan. Ẹ gba rìsíìtì. Wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti fíríìjì, ẹ má fi wọ́n ṣe ẹ̀dínwó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ àti àga ike ni kí ẹ ti máa wá pọ̀ọ́kú.

Torí pé àwa tí a wà ní Èkó lè dá ọjà padà ní Boundary, ká pariwo lé oníṣọ́ọ̀bù lórí. Màmá tó wà nílé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí fíríìjì bá kú lọ́sẹ̀ kejì, igun yàrá ló máa wà, wọ́n á fi tọ́jú gàárì. Bí wáyà bá sì jó, ilé bàbá wa ni. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Kí ilé wa má jó o. Ire kàbìtì.