Adìẹ Teguntegun

Kí wọ́n tó dá ilé ìwòsàn egungun sílẹ̀ ní Ìgbóbì, ní Èkó, ní 1945, ọ̀dọ̀ ta ni àgbẹ̀ Ararọ̀mí-Òwu tí ó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ ń gbé ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ lọ? Ọ̀dọ̀ teguntegun ni, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Oníṣègùn yìí a fi òrí pa ẹsẹ̀ náà, a to egungun rẹ̀ sí ààyè, a sì fi ọparun tín-ín-rín dì í. Àwọn kan nínú wọn a tún mú adìẹ, wọn a ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rìn ni wọn a tú ìdè lẹ́sẹ̀ ènìyàn.

Ṣé ìgbàgbọ́ asán ni èyí? Ara ẹranko ni àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ egungun. Ní 1736, John Belchier ní Lọ́ńdọ̀nù kéde pé egungun ẹranko tí ó bá jẹ gbòǹgbò aláró pupa a máa pọ́n. Ní 1867, Ollier ará Faransé tẹ ìwé jáde lórí bí egungun ẹranko ṣe ń hù padà. Ní 1952, Brånemark ní Sweden fi irin titanium sínú egungun ehoro. Egungun so mọ́ irin náà débi pé kò ṣe é yọ mọ́.

Níbo wá ni ọ̀nà ti pínyà? Adìẹ teguntegun kì í ju ẹyọ kan lọ. Kò sí èkejì tí wọn ì bá fi wé e. Egungun adìẹ a máa so ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, nígbà tí ojúgun àgbàlagbà lè gba oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó burú jù ni pé bí ìdè bá le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé ìsàlẹ̀. Ẹran ara a kú, gígé ẹsẹ̀ a sì di dandan. Adìẹ tí ń rìn káàkiri àgbàlá kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí òde òní fi ń ti orí ehoro bọ́ sórí àgùntàn, tí ìwúwo rẹ̀ sún mọ́ ti ènìyàn, tí wọ́n sì ń kùn ún lóorun kí wọ́n tó fi abẹ kàn án.

Ìbéèrè teguntegun tọ̀nà. Ìdáhùn adìẹ ni kò tó. Ẹni tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń tutù, tí ó ń dúdú nínú ìdè, kí ó tètè wá dókítà lọ. Kí ó má ṣe dúró de adìẹ.